Ọdún 1889: ṣé lóòótọ́ ni Preston ti ṣe é kí Arsenal tó ṣe é?

ỌmọGunners kọ ọ́ pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan ń jiyàn lórí ikọ̀ Arsenal ti sáà 2003 sí 2004, àwọn tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 nínú líìgì láìpàdánù ẹyọ kan. Mo ní kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n ní Preston North End ti ṣe é ní 1889, wọ́n sì gba ife FA mọ́ ọn. Preston tí mi ò gbúròó wọn nínú líìgì àgbà rí láti ìgbà tí mo ti ń wo bọ́ọ̀lù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́, ṣé bọ́ọ̀lù ìgbà yẹn jọ tòní? Kí ló sì tún ṣẹlẹ̀ nínú eré ìdárayá lágbàáyé lọ́dún náà?

Òpìtàn_Pápá fèsì:

Àbúrò, òótọ́ pọ́ńbélé ni ẹ̀gbọ́n rẹ sọ. Nínú gbogbo ìtàn eré ìdárayá, mi ò ní ọdún tí mo fẹ́ràn tó 1889, nítorí náà fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Líìgì fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni nígbà náà. Ṣáájú rẹ̀, ife FA àti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń gbá. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé bí ife bá gbé ẹgbẹ́ kejì lọ síbòmíràn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tẹ́ ẹ ti kéde ti fọ́ nìyẹn, àwọn òǹwòran ò ní í wá, owó agbábọ́ọ̀lù sì ń dúró dè yín. William McGregor, ọmọ Scotland kan tó ń ta aṣọ ní Birmingham tó sì wà nínú ìgbìmọ̀ Aston Villa, ló kọ lẹ́tà sáwọn ẹgbẹ́ ńlá ní March 1888 pé kí wọ́n jọ dá ọjọ́ tí kò ní í yẹ̀. Ẹgbẹ́ 12 ló bẹ̀rẹ̀ ní September 8 ọdún náà, 6 láti Lancashire, 6 láti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ London kankan ò sí níbẹ̀. Kódà wọ́n ti ń gbá a lọ kí wọ́n tó fẹnu kò, ní November, pé àmì 2 ni ti ẹni tó bá borí, àmì 1 ni ti ọ̀mì.

Preston ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rímú mí. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 22, wọ́n borí nínú 18, wọ́n ta ọ̀mì nínú 4. Ayò 74 ni wọ́n gbá wọlé, 15 ló wọlé wọn. Àmì 40 ni wọ́n fi parí, Aston Villa tó ṣe ìkejì ní 29. Ti ife FA ló tún yà mí lẹ́nu jù: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 5, ayò kan ò wọlé wọn! Ní March 30, 1889, ní Kennington Oval, wọ́n fi ayò 3 sí òdo na Wolverhampton Wanderers láti gbé ife náà lọ sílé.

Ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni William Sudell, ọ̀gá nílé iṣẹ́ òwú ní Preston. Ó ń kó àwọn ọmọ Scotland wá, ó sì ń sanwó fún wọn nígbà tí òfin ò tíì gbà á. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kan ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1884, kò sẹ́. Ó ní àwọn ń sanwó lóòótọ́, wọ́n sì lé Preston kúrò nínú ife FA. Àríwò tó tẹ̀lé e ló mú kí wọ́n yí òfin padà ní July 1885, tí agbábọ́ọ̀lù fi lè máa jẹun nídìí bọ́ọ̀lù ní gbangba. Èmi gbà pé láìsí ìgboyà ọkùnrin yìí, líìgì ò bá má tètè dé. Àwọn ọmọ Scotland tó kó wá yẹn mọ bí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù síra ẹni, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ṣì fẹ́ràn kí ẹnì kan dá gbé e sáré lọ.

O béèrè bóyá ó jọ tòní. Fojú inú wò ó: òpó ilé wà, ọ̀pá òkè wà, ṣùgbọ́n kò sí àwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí pẹnáritì. Ọdún 1891 ni méjèèjì dé. Rẹfirí ò wọ inú pápá, ìta ló wà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní adájọ́ tirẹ̀ nínú pápá, ìgbà tí àwọn méjì yìí ò bá gbọ́ ara wọn yé ni wọ́n ń yíjú sí rẹfirí. Aṣọ́lé sì lè fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù níbikíbi ní ìdajì pápá tiwọn.

Ìyá_Aṣọ́lé fèsì:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n a ò lè sọ̀rọ̀ Preston ká má dárúkọ Arthur Wharton. Aṣọ́lé lèmi náà, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ká mi lára.

Jamestown ní Accra ni wọ́n ti bí i ní 1865, nígbà tí wọ́n ń pe ilẹ̀ náà ní Gold Coast. Àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti Grenada ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wá láti ìdílé ọba àwọn Fante. Wọ́n ní kó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó lè di míṣọ́nnárì, eré ìdárayá ló gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní July 1886, ní Stamford Bridge tí Chelsea ń lò lónìí, ó sá 100 yáàdì ní ìṣẹ́jú àáyá 10 géérégé láti gba ife àwọn eléré sísá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1887 ó tún gbà á.

Sáà 1886 sí 1887 yẹn náà ló ṣọ́lé fún Preston nínú ife FA títí dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá, kí West Bromwich Albion tó dá wọn dúró. Ní 1888 ó fi Preston sílẹ̀ kó lè gbájú mọ́ eré sísá. Sáà tó tẹ̀lé e gan-an ni Preston di ẹni tí apá ò ká! Ó ń dùn mí dọ̀la. Ní 1889 ló wọ Rotherham Town, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì kà á sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ń gba owó oṣù nídìí bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan tó wò ó nígbà náà kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan ní Sheffield ní 1942: ó ní Wharton fò, ó di ọ̀pá òkè mú, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì há bọ́ọ̀lù. Mo ti gbìyànjú láti ro bí èèyàn ṣe ń ṣe é, mi ò rí ọgbọ́n ẹ̀.

Iṣẹ́ awakùsà èédú ló ṣe gbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ó kú ní 1930, kò sì sí òkúta lórí sàréè rẹ̀ ní Edlington títí di 1997.

Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. July 8, 1889, Richburg ní Mississippi: John L. Sullivan kojú Jake Kilrain nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ láìsí ìbọ̀wọ́. Òfin ò gba irú ìjà bẹ́ẹ̀ láyè, nítorí náà òru ni àwọn òǹwòran wọ ọkọ̀ ojú irin ní New Orleans. Ráùndì ò lóǹkà ìṣẹ́jú. Ó di ìgbà tí ẹnì kan bá ṣubú kó tó parí, wọ́n á sinmi ìṣẹ́jú àáyá 30, ó tún yá. Oòrùn ń jó wọn lẹ́yìn. Sullivan bì ní ráùndì 44, kò sì gbà kí wọ́n pè é lọ́mì. Ní ráùndì 75, lẹ́yìn ohun tó lé ní wákàtí méjì, àwọn ará Kilrain ju kànrìnkàn sílẹ̀ pé ó tó. Ìjà oyè àgbáyé àwọn abara-ńlá tí wọ́n jà kẹ́yìn láìsí ìbọ̀wọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Sullivan ò gbà láti bá aláwọ̀ dúdú jà. Peter Jackson, ọmọ St. Croix tó gba oyè Australia, wà níbẹ̀ tó ń wá a kiri. Ọdún 1889 náà ni Moses Fleetwood Walker, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, gbá bésíbọ́ọ̀lù kẹ́yìn fún ẹgbẹ́ Syracuse nínú International League. Wọn ò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà míì wọ líìgì yẹn mọ́ títí tí Jackie Robinson fi dé ní 1946. Ọdún tí wọ́n gba Wharton wọlé ní Rotherham ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ní Syracuse. Ó bí mi nínú gan-an.

ỌmọGunners kọ ọ́ pé:

Háà! Ẹ ṣeun o, mo ti gbà fún ẹ̀gbọ́n mi. Àbí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 22 àti 38 jẹ́ ọgba? Kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí Preston lẹ́yìn náà?

Òpìtàn_Pápá fèsì:

Wọn kì í ṣe ọgba. 38 le ju 22 lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n Manchester United lé Arsenal kúrò nínú ife FA sáà yẹn ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Preston sì kó méjèèjì láìpàdánù. Lójú tèmi, ti Preston wúwo jù.

Wọ́n tún gba líìgì ní 1890, wọ́n ṣe ìkejì lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, wọn ò sì gbà á mọ́ títí dòní. Ife FA, 1938 ni wọ́n tún rí i gbà. Ní ti Sudell, wọ́n rí i ní 1895 pé ó ti ń yọ owó ilé iṣẹ́ òwú, ó sì ń ná an sórí ẹgbẹ́ náà. Ó lọ sẹ́wọ̀n, nígbà tó jáde ó kó lọ sí South Africa. Pápá Deepdale, níbi tó ti ń darí Preston nígbà náà, ni wọ́n ṣì ti ń gbá bọ́ọ̀lù lónìí.