Pálọ̀ tí oòrùn kì í wọ̀, ọ̀dà wo ló máa jẹ́ kó fani mọ́ra?

Ìyá Ìbejì, Woolwich:
Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé o, ẹ sì kú òtútù. Ẹ̀yin tẹ́ẹ mọ̀ nípa ọ̀dà kíkùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ fúlàtì kan, fèrèsé pálọ̀ kọjú sí àríwá, oòrùn kì í débẹ̀ rárá, gbogbo ògiri funfun báláú, téèyàn bá jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ á dà bíi pé èèyàn ń dúró de dókítà. Hítà ń ṣiṣẹ́ dáadáa o, kì í ṣe òtútù ara ni mò ń sọ, ti ojú ni. Bàbá Ìbejì ní ká kùn ún ní yẹ́lò, èmi ò sì fẹ́ nǹkan tó máa ta mí lójú. Kí lẹ rí sí i?

Bọ̀dá Pẹ́ńtà, Peckham:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé tuntun, ilé á tura o. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ fún yín. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì kí wọ́n ní sùúrù ná. Kéèyàn tó ronú kan ọ̀dà, ibi tí fèrèsé kọjú sí ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Ní London táa wà yìí, apá gúúsù ni oòrùn máa ń gbà kọjá, yàrá tó bá kọjú sí àríwá, ìmọ́lẹ̀ ojú sánmà nìkan ló ń rí, ìmọ́lẹ̀ yẹn sì máa ń ní búlúù nínú. Funfun báláú tí wọ́n kùn síbẹ̀ òun náà máa ń fà sí búlúù, búlúù wá gun orí búlúù, ìdí nìyẹn tó fi ń rí bíi eérú sí yín lójú. Yẹ́lò tó mọ́ gaara ò ní gbà yín níbẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ yẹn á bá a jà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí àwọ̀ ewé.

Ohun tẹ́ẹ fẹ́ ni funfun tó ní pupa díẹ̀ nínú, ìyẹn àwọ̀ sányán tí wọ́n bá fi funfun là á gan-an. Ẹ ṣáà mọ sányán, kì í ṣe funfun, kì í ṣe búráùn, kì í pariwo. Tẹ́ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, ẹ mú káàdì àwọ̀ wọn, lọ́fẹ̀ẹ́ ni, kẹ́ẹ wo èyí tó ki jù lórí káàdì yẹn, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tó fara pamọ́ sínú èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́, bóyá pupa ni àbí búlúù àbí ewé. Ẹ tún wo nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní LRV, láti 0 dé 100 ni, ó ń sọ bí ògiri ṣe máa dá ìmọ́lẹ̀ padà tó, bó bá ṣe ga tó ni ògiri á ṣe mọ́lẹ̀ tó. Fún pálọ̀ bíi tiyín, èmi ò ní lọ sísàlẹ̀ 65.

Ẹ má tíì ra garawa ńlá o. Ẹ ra kékeré tí wọ́n fi ń dánwò, ẹ kùn ún sórí pépà A4 lẹ́ẹ̀mejì, kó gbẹ, kẹ́ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kẹ́ẹ tún gbé e lọ sí ògiri kejì torí àwọ̀ kan náà kì í rí bákan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé àti ní kọ̀rọ̀.

Gílóòbù wá ńkọ́? Ẹni tó kùnlé tí ò wo gílóòbù, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ní December níbí, oòrùn ti máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, abẹ́ iná lẹ máa ti rí ògiri yẹn jù. Ẹ wo nọ́ńbà tó ní K lára páálí ẹ̀, bó bá ṣe kéré tó ni iná á ṣe fà sí yẹ́lò tó, bó bá ṣe ga tó ni á ṣe fà sí búlúù tó, 2700K lẹ fẹ́. 4000K ti ọ́fíìsì ni, 6500K á kàn dá búlúù yẹn padà fún yín, gbogbo owó ọ̀dà ti wọgbó nìyẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn iná funfun látilé, àmọ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ọmọ Ìbàdàn, Bronx:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an, mo ti fi èyí pa mọ́. Fún àwa ti New York, òfin ní kí láńlọ́ọ̀dù máa tún inú fúlàtì kùn lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta tó bá jẹ́ ilé tó ní fúlàtì mẹ́ta sókè, torí náà tó bá ti kàn yín ẹ tètè bá súpà, ẹni tó ń bójú tó ilé, sọ̀rọ̀ kó tó gbé funfun ẹ̀ dé, àwọn míì máa ń gbà kẹ́ẹ mú àwọ̀ tiyín. Tí ilé bá sì ti wà ṣáájú 1978, ẹ má fi sáńpépà ha ọ̀dà àtijọ́ o, pàápàá tọ́mọ bá wà nílé, lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn òjé tó jẹ́ májèlé, lè wà nínú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Woolwich:
Ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á bù kún yín. Ilé rẹ́ǹtì ni tiwa o. Àwọn ìbejì á sì fọwọ́ pa ògiri, ẹ ti mọ̀. Kọ̀rọ̀ kan sì wà lẹ́yìn sófà tó ní dúdú tótòtó, ṣé ọ̀dà á bò ó?

Bọ̀dá Pẹ́ńtà, Peckham:
Háà, ẹ má bò ó o! Èbu nìyẹn. Tẹ́ẹ bá kùn ún mọ́lẹ̀ á tún yọ síta. Ẹ fi oògùn èbu fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa, ẹ fa sófà kúrò lára ògiri kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ sì máa ṣí fèrèsé díẹ̀ tẹ́ẹ bá ń sebẹ̀ àbí tẹ́ẹ sá aṣọ sínú ilé. Tó bá ṣì ń padà wá, omi lè máa jò wọlé níbì kan, ẹ kọ̀wé sí láńlọ́ọ̀dù kí wọ́n wá wò ó.

Ọ̀rọ̀ rẹ́ǹtì yẹn, ìmeèlì lẹ máa fi tọrọ àyè, kì í ṣe fóònù. Kẹ́ẹ dárúkọ àwọ̀ yẹn, kẹ́ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá fèsì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè yọ owó kúrò nínú dìpọ́síìtì yín lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá ń kó jáde. Funfun tó fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ọ̀pọ̀ wọn kì í bá èèyàn jà sí i.

Tìtorí àwọn ìbejì, ẹ ra ọ̀dà máàtì tó ṣeé fọ̀, ìyẹn èyí tí kì í dán. Ọ̀dà sílíkì ń dán, gbogbo ibi tí ògiri ti rí págunpàgun ló máa tú síta. Sílìn náà, ẹ má fi í sílẹ̀ ní funfun báláú, á jẹ́ kí ògiri tuntun dà bí èyí tó dọ̀tí, ẹ kùn ún ní àwọ̀ kan náà tí wọ́n tún là sí i.

Ti iye ọ̀dà: ká ní pálọ̀ yín jẹ́ mítà 4 sí mítà 4, sílìn ga ní 2.4, tẹ́ẹ bá yọ fèrèsé àti ilẹ̀kùn á ku nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 34. Lítà kan máa ń kun nǹkan bíi 12, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sì máa kùn ún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 6 nìyẹn láìka sílìn. Ẹ ra 5 pẹ̀lú 2.5, kí nọ́ńbà ìpò tó wà lára garawa méjèèjì bára mu, kó lè jẹ́ pé ìgbà kan náà ni wọ́n pò wọ́n, èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ máa fi pa ojú ọwọ́ àwọn ìbejì rẹ́.

Ìyá Ìbejì, Woolwich:
Mo ti fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí ẹ̀jẹ́ńtì báyìí. Bàbá Ìbejì ní ṣé wọn ò ní rí ibì kankan lo yẹ́lò wọn ni, kíṣìnì kọjú sí gúúsù.

Bọ̀dá Pẹ́ńtà, Peckham:
Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn ún ní kíṣìnì! Oòrùn wà níbẹ̀, á gbà á. Kí wọ́n ṣáà mú èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tó wù wọ́n lórí káàdì lọ, torí oòrùn á fi tiẹ̀ kún un.