Àwọsánmà kọ́, kọ̀ǹpútà àyálò ni

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹ̀gbọ́n wa kan ló dábàá "ìṣírò àwọsánmà" fún ohun tí wọ́n ń pè ní cloud computing, ìyẹn kéèyàn máa gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lo kọ̀ǹpútà ẹlòmíì tó wà níbòmíì, ọ̀pọ̀ yín sì ti ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ ká fọwọ́ sí i.

Èmi ń kọ́ àwọn tí ò mọ kọ̀ǹpútà rárá ní Pánṣẹ́kẹ́ l'Ábẹ́òkúta níbí. "Ìṣírò" lójú tiwọn, àròpọ̀ àti àyọkúrò ni, ìyẹn ṣì kéré. "Àwọsánmà" gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú gbé fóònù wọn wá, mo ní fọ́tò aṣọ wọn wà lórí àwọsánmà, wọ́n gbójú sókè wo sánmà, wọ́n ní, "Tíṣà, ta ló ń bá mi ṣọ́ ọ níbẹ̀?" Ẹnu mi wọhò. Àwọsánmà, Ọlọ́run ló ni ín, kò sẹ́ni tó ń gba owó ilé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń sọ yìí ní onílé.

Àwọn ẹnjiníà ló máa ń ya ìkùukùu, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cloud, sínú àwòrán nẹ́tíwọ́ọ̀kì, níbi tí wọn ò bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tó wà nínú ẹ̀, ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Nígbà tí Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í fi S3, tí wọ́n ń kó fáìlì pa mọ́ sí, àti EC2, tó jẹ́ kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, háyà fáráyé ní 2006, kò sí nǹkan kan tó lọ sókè o, ilé ńlá ni, server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn lóhùn, ló kún inú ẹ̀, ẹ̀rọ amútútù ń fẹ́ sí wọn lára tọ̀sán tòru. Wọ́n ṣí irú ẹ̀ sí Cape Town ní 2020. Wáyà abẹ́ òkun ló so wá mọ́ wọn, ẹ ṣáà rántí March 2024 tí wáyà já nítòsí Abidjan, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dákú mọ́ ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́, tí áàpù báǹkì ò ṣí. Kí ló kan òkun nínú ọ̀rọ̀ àwọsánmà?

Ọ̀rọ̀ aláró ni mo padà fi ṣàlàyé fún màmá yẹn. Ẹni tó bá fi ẹ̀kọ ya aṣọ ẹ̀ tán, á gbé e lọ sọ́dọ̀ aláró. Aláró ló ni ìkòkò, òun ló gún èlú, òun ló sẹ́ omi eérú, oníaṣọ á sanwó iye aṣọ tó rẹ, ó bá tiẹ̀ lọ. Tí ọdún bá dé á rẹ púpọ̀, tí ọjà bá kú á rẹ méjì, kò sí ìkòkò kankan tó ń jókòó lásán nílé ẹ̀. Ohun tí cloud jẹ́ gan-an nìyẹn! Ọ̀nà 3 tí NIST, àjọ tó ń ṣètò òṣùwọ̀n ní Amẹ́ríkà, là sílẹ̀ ní 2011 náà wà nínú ẹ̀: o lè yá ìkòkò òfìfo kó o gbé èlú tìẹ wá, ìyẹn ẹ̀rọ lásán, o lè bá aró tó ti délẹ̀ kó o ki aṣọ tìẹ bọ̀ ọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ti tò sílẹ̀ de áàpù tó o fúnra ẹ ṣe, o sì lè gba aṣọ tó ti rẹ tán kó o wọ̀ ọ́, bí a ṣe ń lo Gmail.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ká máa pè é ní kọ̀ǹpútà àyálò. "Yá" gba méjèèjì, a ń yá ilé tí à ń sanwó ẹ̀, a sì ń yá àdá aládùúgbò láìsan kọ́bọ̀, bí Google ṣe ń yá wa ní ààyè ìkẹ́rù 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ẹni tó mọ ayálégbé ló mọ̀ pé onílé wà, pé onílé lófin. Google kéde ní 2023 pé àkáǹtì téèyàn ò bá lò fún ọdún 2, àwọn lè pa á rẹ́ tòun ti fọ́tò inú ẹ̀. Ẹni tá a sọ fún pé inú àwọsánmà lẹrù ẹ̀ wà, ibo ló ti fẹ́ ronú kan ìyẹn?

Ẹlòmíì á ní "ọ̀rọ̀ àyálò", ìyẹn ọ̀rọ̀ tá a yá látinú èdè míì, ti wà nínú gírámà. Ó wà lóòótọ́, ìtumọ̀ kan náà ló sì ń jẹ́, kò ní da ọmọ iléèwé kankan láàmú. Tí wọ́n bá sì ní orúkọ yìí ò tú cloud, àwọn tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì náà kò tú Gẹ̀ẹ́sì kankan, wọ́n wo nǹkan náà, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í gbèsì, wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbọ́ tí màmá yẹn ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ wọn pé kó wọlé sínú àkáǹtì yẹn lónìí o, kí onílé má baà tilẹ̀kùn mọ́ wọn.