Jẹ́ẹ̀lì tó ń fi iná mànàmáná tú oògùn sílẹ̀: báwo ni mo ṣe lè dá jíjò rẹ̀ dúró?

Ẹ̀yin àgbà nínú ìmọ̀ oògùn àti kẹ́míkà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá.

Mo ń ṣe ìwádìí lórí jẹ́ẹ̀lì tí a fi chitosan ṣe, èròjà tí wọ́n ń yọ lára èèpo edé. Diclofenac, oògùn ara ríro, ni mo kó sínú rẹ̀. Mo fẹ́ kó wà lábẹ́ awọ níbi orúnkún tó ń ro aláìsàn, kó máa tú oògùn sílẹ̀ kìkì ìgbà tí a bá fi iná díẹ̀ sí i.

Àmọ́ bí iná ò tiẹ̀ sí, oògùn ń jò. Mo fi kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní genipin so jẹ́ẹ̀lì náà kó le sí i. Jíjò dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá tan iná, oògùn ò fẹ́ jáde mọ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé tí iná bá ti kọjá nǹkan bíi fóltì 1.23, omi inú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í pín: ẹ̀gbẹ́ kan á di ásíìdì, èkejì á dà bí omi eérú. Àwọn kan tó gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní 1991 mọ̀ọ́mọ̀ lo ìyípadà yìí láti yọ́ jẹ́ẹ̀lì wọn kí ínsúlínì lè jáde. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n ẹran ara èèyàn ni tèmi máa fara kàn.

Ọ̀gá mi ní kí n po polypyrrole, irú ike kan tó ń gbé iná kọjá, mọ́ ọn, kí iná kékeré lè tó. Àmọ́ bí ike yìí ò bá jẹrà nínú ara, ṣé kò ní pọn dandan kí dókítà tún la ara láti yọ ọ́? Ẹni tó bá ti lò ó, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe pò ó?