Báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan fún Júù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kubwa l'Abuja níbí ni mò ń gbé, bọ̀dá Igbo kan wà ládùúgbò wa tó ń ṣe ẹ̀sìn Júù, bí oòrùn bá ti wọ̀ ní Fúráìdè kò ní tan jẹnẹrétọ̀ mọ́ torí Sábáàtì, ooru á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ọmọ ẹ̀ (ìyẹn ò kúkú kàn mí). Lánàá mo bá a tó fọwọ́ ọ̀tún bojú, tó ń ka Diutarónómì 6:4, Olúwa Ọlọ́run wa, Olúwa kan ni. Mo ní àwa náà gbà bẹ́ẹ̀, ṣebí Jésù fúnra ẹ̀ tún un sọ nínú Máàkù 12:29. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní "kan" tiwa ti di mẹ́ta. Mo ní ọ̀rọ̀ Hébérù tó túmọ̀ sí "kan" níbẹ̀, echad, òun náà ló wà ní Jẹ́nẹ́sísì 2:24 níbi tí ọkọ àtìyàwó ti di ara kan, ló bá ní ṣé tóun bá ní kí n fún òun ní ṣúgà kan, mẹ́ta ni màá kó wá? Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Kí ni kí n sọ fún ẹni tí kò gba Májẹ̀mú Tuntun rárá, tí ò ní dìjà? Ẹ má fi Mẹ́talọ́kan wé omi àti yìnyín o, mo ti gbìyànjú ẹ̀.