Bàálù àwòṣe kì í ṣe ajagunfẹ̀yìntì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Níbi tá a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún irú bàálù kan, ẹ̀gbọ́n wa kan ti dá a lábàá pé "bàálù ajagunfẹ̀yìntì" ni ká máa pe àwọn bàálù ogun ayé àtijọ́ táwọn èèyàn ń ra kíìtì ẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀ tí wọn ò tíì tò pọ̀, tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn tò nínú gáréèjì. Orúkọ yẹn dùn létí, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tá à ń pè ní ajagunfẹ̀yìntì nínú ìwé ìròyìn wa ti wọṣọ ológun rí kó tó bọ́ ọ sílẹ̀. Bàálù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò tán lọ́dún tó kọjá, ogun wo ló jà?

Ẹ jẹ́ ká mú Spitfire, bàálù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kẹta ọdún 1936 ló kọ́kọ́ fò, ní Eastleigh lẹ́bàá Southampton, wọ́n sì ṣe é lé ní 20,000. Àwọn tó jagun nínú wọn tí wọ́n ṣì ń fò dòní, àwọn gan-an lorúkọ yẹn tọ́ sí. Kódà àwọn kan wà tí wọ́n ti pààrọ̀ irin ara wọn débi pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn àti ìwọ̀nba irin díẹ̀ ló kù tó jẹ́ ti àtijọ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń kà á sí ojúlówó torí pé ìtàn ẹ̀ ò já. Ṣùgbọ́n Mk 26 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta kíìtì ẹ̀ ní Ọsirélíà, ọ̀tọ̀ ni: ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ ìdá 80 nínú 100 ti Spitfire tòótọ́, ti Mk 26B tó tẹ̀lé e jẹ́ 90, enjin Merlin onísílíńdà 12 tí wọ́n mọ̀ mọ́ Spitfire ò sí nínú ẹ̀, Jabiru onísílíńdà 8 làwọn kan fi sí i.

Ẹlòmíì ní ká kúkú pè é ní ayédèrú. Háà, rárá o! Ẹ̀tàn wà nínú ayédèrú: ayédèrú náírà, ayédèrú oògùn, ẹni tó ṣe é fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ojúlówó lẹ gbà. Ẹni tó jókòó ti páànù alumíníọ̀mù tó ń kan rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó tó ń so páànù pọ̀, mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọdún mélòó kan ò tan ẹnì kankan jẹ, ní Amẹ́ríkà ara bàálù náà gan-an ni wọ́n ń kọ EXPERIMENTAL sí kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ lè rí i kà. Ìwà ìkà ni ká fi orúkọ olè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àwòṣe ni tèmi, wọ́n wo ojúlówó, wọ́n ṣe irú ẹ̀. Àwọn tó ní "ẹ̀dà" gbìyànjú, àmọ́ ẹ̀dà ìwé kì í yàtọ̀ sí ìwé, T-51 Mustang tí ilé iṣẹ́ Titan ń ta kíìtì ẹ̀ ní Ohio lÁmẹ́ríkà, ìwọ̀n ẹ̀ ò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin Mustang tòótọ́, bàálù ogun àwọn ará Amẹ́ríkà, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́ ẹ̀dà?

Kíìtì ńkọ́? "Bàálù inú páálí" tí ẹnì kan mú wá ń sọ ọ́ di ohun ìṣeré ọmọdé. Òfin FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, sọ pé ẹni tó ń tò ó gbọ́dọ̀ fúnra ẹ̀ ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, òun ni wọ́n ń pè ní òfin ìdá 51 nínú 100, kó sì jẹ́ pé torí ẹ̀kọ́ tàbí ìgbádùn ló ṣe ń ṣe é. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Àwọn mẹkáníìkì wa ti ń pè é ní kíìtì tipẹ́, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀, bàálù tó bá tinú ẹ̀ jáde la lè pè ní bàálù àtọwọ́tò.

Ohun tó jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn tó báyìí ni Fokker Dr.I, bàálù alápá mẹ́ta ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní tí Manfred von Richthofen, gbajúmọ̀ awabàálù ogun ará Jámánì, wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa á, April 21, 1918. Bíi 320 ni wọ́n ṣe, kò sì sí odindi ojúlówó kan tó ṣẹ́ kù láyé mọ́. Gbogbo èyí tó ń fò báyìí, àwòṣe ni. Tá a bá wá kọ ajagunfẹ̀yìntì sábẹ́ fọ́tò wọn, ibo lọmọ tó ń fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ́ mọ̀ pé àwọn tó jagun yẹn ti tán?