Ara gíábọ́ọ̀sì katakata mi sán: ṣé kí n tún un jó ni, tàbí kí n wá òmíràn?

Àgbẹ̀, Ìsánlú

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, Okun o. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí mo fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sí kò tíì tú dé ìdajì.

Mo ní katakata kékeré kan tó ti pẹ́ gan-an, tòkunbọ̀ láti Jàpáàn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 24. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń tú ilẹ̀ kan tó ti sinmi fún nǹkan bí ọdún méje, ọkọ́ ìtúlẹ̀ kọ kùkùté igi irú kan tí koríko bò mọ́lẹ̀. Katakata náà dúró gbọnyin, mo sì gbọ́ ìró kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí ìkòkò bá sán lórí iná. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo rí i pé epo gíà ti ń kán sílẹ̀ láti abẹ́ gíábọ́ọ̀sì, ní apá òsì, níbi tó ti so mọ́ ilé kílọ́ọ̀ṣì. Láti etí ihò bóòtù kan ló ti sán, ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 14.

Mo pe ajórin kan tó wà nítòsí, ó sì bá mi jó o níbi tó wà, láìtú ohunkóhun, pẹ̀lú ẹlẹ́kítíróòdù, ìyẹn ọ̀pá ìjórin, tó fi ń jó géètì àti férémù fèrèsé. Ó dára lójú, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibi tó jó kò yẹ̀ rárá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ló tún sán, tó tẹ̀lé etí ìjó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, epo sì ń kán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ó ṣeé tún jó lọ́nà tí yóò pẹ́, tàbí kí n wá ara gíábọ́ọ̀sì mìíràn? Ǹjẹ́ mo sì lè rọra lò ó báyìí títí n ó fi gbin àgbàdo tán?

Mẹkáníìkì katakata, Kàbà

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Má ṣe wa katakata náà mọ́, àní má tilẹ̀ wà á délé. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gíábọ́ọ̀sì katakata dà bí ti mọ́tò. Mọ́tò ní férémù tó ń gbé gbogbo ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n irú katakata tí o ní yìí kò ní férémù kankan láàárín: ẹ́ńjìnnì wà níwájú, ilé kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé e, gíábọ́ọ̀sì tẹ̀lé ìyẹn títí dé àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, bóòtù ló sì so gbogbo wọn pọ̀. Ara gíábọ́ọ̀sì yẹn ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá sán dópin nígbà tí o wà lórí rẹ̀, yóò ṣẹ́ sí méjì lábẹ́ rẹ ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá ọ lóhùn lórí bí a ó ṣe tún un ṣe, lọ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí wá. Fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ̀mù ni, àtúnṣe rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà, wá ibi tí sísán náà parí sí, nítorí ojú lásán máa ń tàn wá jẹ. Nu epo kúrò níbẹ̀, fi kẹrosíìnì pa á, jẹ́ kó wọlé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, nù ún gbẹ fínnífínní, kí o wá lọ ẹfun kúnná kí o sì wọ́n ọn sí i. Kẹrosíìnì tó ti wọ inú ibi tó sán yóò padà jáde, yóò sì fa ìlà sára ẹfun náà, títí dé ibi tí ojú rẹ kò lè rí. Ní ìparí, ka gbogbo bóòtù tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ilé kílọ́ọ̀ṣì, kí o sì sọ fún mi ìgbà tí wọ́n tú katakata náà kẹ́yìn. Mo gbà pé kùkùté yẹn lù ú gidigidi, ṣùgbọ́n ara gíábọ́ọ̀sì tí gbogbo bóòtù rẹ̀ pé tó sì fún kì í sábà sán nítorí kùkùté kan ṣoṣo.

Àgbẹ̀, Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ kú ìrọ́jú, arákùnrin. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi ní ìdérí abẹ́ gíábọ́ọ̀sì, mo sì fi gọ́ọ̀mù irin dí i, èyí tí wọ́n máa ń po ọ̀nà méjì pọ̀. Mo fọ ibẹ̀ mọ́, mo fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, ó sì ti di ọdún méjì tí kò tíì jò. Bóyá kí ẹ fi ìyẹn gbìn tán ná.

Ajórin àgbà, Mọ́pà

Ẹ ṣeun, ará Ẹ̀gbẹ̀, òótọ́ lẹ sọ nípa ti yín, nítorí pé ìdérí kò gbé ẹrù kankan, epo nìkan ló ń dá dúró. Ibi tí ti ará Ìsánlú ti sán, ibẹ̀ gan-an ni agbára ẹ́ńjìnnì àti ìwúwo katakata ti ń jà. Gọ́ọ̀mù lè dá epo dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ìyẹn ni yóò sì mú kí ẹni tó ni ín rò pé ó ti sàn.

Ọmọ mi, jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìjó àkọ́kọ́ yẹn, nítorí pé bí kò bá yé ọ, ẹlòmíràn yóò tún ṣe irú rẹ̀ fún ọ. Irin tí wọ́n máa ń yọ́ dà sínú ẹ̀dà, ìyẹn ihò tó ní ìrísí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ni wọ́n fi ń ṣe irú ara gíábọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní káàsì. Kábọ̀n tó wà nínú rẹ̀ máa ń tó ìdá 2 sí ìdá 4 nínú 100, nígbà tí ti irin géètì kì í sábà tó ìdá 0.3. Bí a bá fi ẹlẹ́kítíróòdù géètì jó o, irin tó yọ́ yóò fa kábọ̀n mu láti ara káàsì, yóò sì le gbagidi bí ìgò. Ibi tó gbóná yẹn sì gbọ́dọ̀ sún kì bó ṣe ń tutù, ṣùgbọ́n gbogbo ara tó yí i ká tutù, kò gbà á láyè. Irin géètì á fà díẹ̀. Káàsì kì í fà, sísán ló ń sán. Ìdí nìyẹn tí ìjó náà fi dúró digbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì là.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀. Èkíní ni ẹlẹ́kítíróòdù níkẹ́ẹ̀lì. Níkẹ́ẹ̀lì kì í le bí ìgò bó bá mu kábọ̀n, díríìlì àti fáìlì sì máa ń wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tó bá tutù. Ó wọ́n, a kì í sì rà á ní páálí, iye ẹyọ tó o nílò nìkan ni kí o rà. Kí a tó fi kàn án, a gbọ́dọ̀ fi gíráíńdà gé gbogbo ìjó àtijọ́ kúrò láìku ẹyọ kan, kí a fi díríìlì mílímítà 3 lu ihò sí orí àti ìdí ibi tó sán kí ó má baà máa lọ síwájú, kí a sì gbẹ́ ojú rẹ̀ bí lẹ́tà V. Epo ni ọ̀tá tó le jù nínú iṣẹ́ yìí. Káàsì tó ti wà nínú epo fún ogójì ọdún ti mu epo wọ inú ara. Bí o bá fọ̀ ọ́ tó dán, tí o wá fi iná gáàsì yọ́ ọ, wàá rí èéfín àti epo dúdú tó ń làágùn jáde láti inú rẹ̀. A ó máa yọ́ ọ, a ó máa nù ún, títí tí kò fi ní làágùn mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó jó o ní kékèké, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan má ju sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ lọ, kí a fi òòlù olórí róbótó lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà tó ṣì gbóná kí ó lè nà díẹ̀, kí a dúró títí ọwọ́ yóò fi gbà á, kí a tó lọ sí apá kejì. Ẹni tó bá ní òun yóò parí rẹ̀ ní wákàtí kan, má ṣe gbé e fún un.

Ọ̀nà kejì ni kí a fi ọ̀pá bíráàsì àti iná gáàsì dì í. Bíráàsì máa ń yọ́ ní nǹkan bí 900°C, káàsì kì í sì í yọ́ títí yóò fi kọjá 1,100°C, nítorí náà káàsì fúnra rẹ̀ kò ní yọ́. Ó máa ń mú dáadáa, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mú gbogbo rẹ̀ gbóná pọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí a sì bò ó mọ́ inú eérú gbígbẹ títí di ọjọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti máa ń ṣe sí irin tí wọn kò fẹ́ kó le jù. Ewu rẹ̀ ni pé ooru púpọ̀ lè yí ibùjókòó bẹ́árìn po, ìyẹn ihò tí bẹ́árìn tó ń gbé ọ̀pá gíà jókòó sí.

Ọ̀nà kẹta kò ní iná nínú: ìṣó onílà tí wọ́n ń dè wọ inú ihò, tí ọ̀kan ń jẹ díẹ̀ lára èkejì, láti orí ibi tó sán dé ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, ó sì dára jù bí sísán náà bá wọ ibùjókòó bẹ́árìn, ṣùgbọ́n ó gba irinṣẹ́ tirẹ̀ àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n.

Èyíkéyìí tí a bá mú nínú méjì àkọ́kọ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún jó o láìtú u. Iná mànàmáná ìjórin máa ń gba inú bẹ́árìn kọjá lọ sí ibi tí wọ́n so wáyà ilẹ̀ mọ́, ó sì ń jẹ ojú rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí o kò ní mọ̀ títí yóò fi máa ké.

Àgbẹ̀, Ìsánlú

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin bàbá mi. Mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ọn, káàsì ni. Mo ṣe ti kẹrosíìnì àti ẹfun lẹ́ẹ̀mejì, ìlà náà sì gùn ju bí mo ti rò lọ: ó tó sẹ̀ǹtímítà 19, ó sì dúró ní ìwọ̀n ìka méjì sí ibùjókòó bẹ́árìn, kò tíì wọ̀ ọ́.

Bóòtù ló bà mí nínú jẹ́ jù. Mẹ́wàá ló yẹ kó wà, mẹ́jọ ni mo bá, ihò méjì tó ṣófo sì wà ní apá òsì náà. Lára mẹ́jọ yẹn, mẹ́ta ni mo fi ọwọ́ lásán yí. Ní ọdún tó kọjá ni mẹkáníìkì kan pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún mi, n kò sì yẹ iṣẹ́ náà wò lẹ́yìn rẹ̀.

Mẹkáníìkì katakata, Kàbà

Ó yé mi wàyí. Ẹrù bóòtù mẹ́wàá ni díẹ̀ ń gbé láti ọdún tó kọjá, kùkùté kàn wá parí rẹ̀ ni. Ó tún ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi bóòtù fa méjèèjì pọ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á padà. Bí ọ̀pá onílà tó ń gbé agbára láti kílọ́ọ̀ṣì lọ sí gíábọ́ọ̀sì kò bá wọ inú kílọ́ọ̀ṣì, ojú méjèèjì kò ní pàdé. Ńṣe ni a máa ń rọra yí fùláíwíìlì, àgbá irin wíwúwo tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, títí ọ̀pá náà yóò fi wọlé, tí ọwọ́ nìkan yóò fi tì í kàn. Ẹni tó bá fi sípánà fà á, etí káàsì ló ń ṣẹ́.

Bí o bá fẹ́ tú u, orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni kó wà. Yọ wáyà bátìrì, fa epo gíà jáde, dí àwọn táyà ẹ̀yìn, kí o sì gbá igi onígun sáàárín ásù iwájú, ìyẹn ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀, àti ara katakata ní apá méjèèjì. Má ṣe fo ti igi yìí, nítorí pé ásù iwájú máa ń mì sọ́tùn-ún sósì, bí a bá sì ti pín in sí méjì, apá ẹ́ńjìnnì lè ṣubú lu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí jáàkì má ṣe nìkan gbé e, fi ìtì igi tì í lẹ́yìn. Ya àwòrán gbogbo páìpù àti wáyà kí o tó yọ wọ́n. Lẹ́yìn náà, tú gbogbo gíà àti bẹ́árìn kúrò nínú rẹ̀, kí ara gíábọ́ọ̀sì ṣófo kó tó dé ọ̀dọ̀ ajórin.

Ní ti ara gíábọ́ọ̀sì mìíràn, wo nọ́ńbà tí wọ́n dà mọ́ ara tìrẹ kí o tó náwó sí i. Katakata méjì lè jọra lóde bí ìbejì, kí nọ́ńbà inú wọn má bára mu, kí bẹ́árìn má sì wọlé.

Ajórin àgbà, Mọ́pà

Bí ó bá fi ìka méjì jìnnà sí bẹ́árìn, níkẹ́ẹ̀lì ni n ó lò, nítorí pé kò gba ooru púpọ̀. Gbé e wá. Kí n tó jó o, n ó fi bóòtù de irin pẹlẹbẹ tó nípọn mọ́ ojú tó ń kàn mọ́ ilé kílọ́ọ̀ṣì, kí ó má baà tẹ̀.

Àgbẹ̀, Ìsánlú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi tú u. Nínú asẹ́ epo, mo bá ègé káàsì méjì tó tó èékánná, tí ì bá lọ ba pọ́ǹpù tó ń gbé ọkọ́ jẹ́, nítorí pé epo kan náà ni gíà àti pọ́ǹpù ń lò. Bàbá Mọ́pà fi ọjọ́ kan gbáko yọ́ epo jáde lára rẹ̀, wọ́n sì fi ọjọ́ kejì jó o. Wọ́n fi rúlà irin gbọọrọ wo ojú rẹ̀ níṣojú mi, ìmọ́lẹ̀ kò gba abẹ́ rúlà náà kọjá. Àná ni mo bu kẹrosíìnì sínú rẹ̀ tí mo sì fi ẹfun pa ẹ̀yìn rẹ̀; láàárọ̀ yìí, ẹfun náà ṣì funfun báláú.

Mo ti ra bóòtù mẹ́wàá tuntun. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé irú katakata yìí kó bá mi wo ìwọ̀n tí wọ́n ní kí a de bóòtù náà dé, nítorí pé n kò fẹ́ fi agbára apá wọ̀n ọ́n. Ní ti ilẹ̀ tó kù, mo ti bẹ alábàáro mi kan pé kó wá fi katakata tirẹ̀ tú u, àwọn ọmọ sì ti ń ṣán koríko ibẹ̀ ṣáájú kí wọ́n lè fi aṣọ pupa sàmì sí gbogbo kùkùté tó wà níbẹ̀.