«Ààbò tó mẹ́hẹ» àbí «àṣìṣọ́»: orúkọ wo ló yẹ ìkùnà ẹ̀ṣọ́ lábẹ́ ìjọba apàṣẹwàá?

Láti Súúlérè, sí gbogbo ilé:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá tó wà nílẹ̀ fún ìwé ọ̀rọ̀ wa ni ti ẹ̀gbọ́n wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní kí a má dá ọ̀rọ̀ tuntun kankan, pé «ètò ààbò tó mẹ́hẹ» tí àwọn oníròyìn Èkó ń kà láràárọ̀ ti tó fún ibikíbi tí àwọn agbésùnmọ̀mí bá ti ráyè ṣọṣẹ́, ìbáà jẹ́ lábẹ́ ìjọba alágbádá tàbí lábẹ́ apàṣẹwàá. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí i. Àìsàn méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn ń dà pọ̀, oògùn wọn kò sì jọra.

Ohun tó mẹ́hẹ ni èyí tí kò tó, tí kò péye. Bí ọlọ́pàá bá kéré, bí epo kò bá sí nínú ọkọ̀ wọn, bí oúnjẹ kò bá dé ibùdó, ààbò mẹ́hẹ nìyẹn. Ẹ wo Inata ní apá àríwá Burkina Faso, oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Àwọn jàndáámù, ìyẹn ọlọ́pàá ológun, tó wà níbẹ̀ ti kọ̀wé sí ọ̀gá wọn pé oúnjẹ ti tán láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, pé ẹran tí àwọn bá rí nítòsí làwọn ń pa jẹ. Ẹnikẹ́ni ò tíì dá wọn lóhùn tí ogun fi ká wọn mọ́, àwọn tó kú lára wọn sì lé ní 50. Èyí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó mẹ́hẹ.

Ẹ wá gbé Moscow sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2024, ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà níbẹ̀ kéde ní gbangba pé àwọn alákatakítí ń gbèrò láti kọlu ibi tí èrò bá pọ̀ sí. Wọ́n dárúkọ ibi eré orin, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wọn yẹra fún irú ibẹ̀ fún wákàtí 48. Ní ọjọ́ 19, Putin dúró níwájú àwọn ọ̀gá FSB, ìyẹn àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Russia, ó ní ìhàlẹ̀ lásán ni, pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ kó jìnnìjìnnì bá ará ìlú. Ní ọjọ́ 22, ọkùnrin mẹ́rin gbé ìbọn wọ gbọ̀ngàn Crocus City Hall ní Krasnogorsk, létí Moscow, nígbà tí eré orin kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yìnbọn, wọ́n dáná sun ibẹ̀, òrùlé sì já lulẹ̀. Àwọn tó kú lé ní 140. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọ ọkọ̀ wọn lọ kí àwọn ọmọ ogun akànṣe tó wọlé. Agbègbè Bryansk ni wọ́n ti padà rí wọn mú, ibi tó jìnnà sí Moscow dáadáa. Ẹgbẹ́ ISIS jáde pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni. Putin ní tirẹ̀ ń nàka sí Ukraine.

Ṣé ẹ̀ṣọ́ ló kéré ní Moscow? Rárá o. Kámẹ́rà tó ń dá ojú èèyàn mọ̀ wà káàkiri ìlú náà, títí dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì ti ń fi mú àwọn tó bá lọ síbi ìwọ́de. Ẹ̀ṣọ́ wà, owó wà, ẹ̀rọ wà. Ibi tí wọ́n kọjú sí ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ 22 yẹn gan-an, ọjọ́ tí wọ́n pa àwọn èèyàn wọ̀nyí, àjọ tó ń tọpinpin owó ní Russia fi ohun tí wọ́n pè ní «ẹgbẹ́ LGBT àgbáyé» kún ìwé orúkọ àwọn agbésùnmọ̀mí àti alákatakítí. Navalny, olórí àwọn alátakò Putin, ti wà nínú ìwé kan náà láti oṣù Kìíní ọdún 2022. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló kú sí ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ẹ ka àwọn ọjọ́ wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sọ fún mi bóyá «mẹ́hẹ» gbé e.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń dábàá ni «àṣìṣọ́». A ní àṣìṣe, àṣìlò, àṣìgbọ́, àṣìtúmọ̀. «Ṣọ́» kò ṣẹ̀ wá tí a ó fi yọ ọ́ sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀: kí ẹ̀ṣọ́ tó lágbára máa ṣọ́ ẹni tí kò yẹ kó ṣọ́, débi tí ẹni tó yẹ kó dáàbò bò fi ṣòfò. Oníròyìn tó bá fẹ́ lò ó, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ìkìlọ̀ ti dé ṣáájú, àti bóyá ohun èlò wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá sí méjèèjì, kó padà sídìí mẹ́hẹ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó wá wádìí ta ni wọ́n ń fi ohun èlò yẹn lé kiri ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ìdáhùn ẹ̀kẹta yìí ni yóò sọ bóyá àṣìṣọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì lè dá dúró bí a kò bá pín «ààbò» sí méjì: ààbò aráàlú àti ààbò orí àlééfà. Yorùbá ayé àtijọ́ kò da àwọn méjèèjì pọ̀. Oníbodè ló ń dúró lẹ́nu ibodè ìlú, ojú rẹ̀ sì wà níta. Ìlàrí ní Ọ̀yọ́, ẹni ọba ni, ọba ló ń jíṣẹ́ fún. Ẹni tó bá rántí Èkó ayé Abacha kò nílò àlàyé púpọ̀. Ológun kún títì, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kún ìlú, síbẹ̀ bọ́ǹbù ń dún lára ọkọ̀ àwọn sójà fúnra wọn ní 1996 àti 1997. Èsì tí ìjọba fọ̀ ni pé wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Wole Soyinka àti àwọn mìíràn ní oṣù Kẹta ọdún 1997. Abacha kú ní 1998, ìjọba tó tẹ̀lé e sì fagi lé ẹ̀sùn náà. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996 ni wọ́n yìnbọn pa Kudirat Abiola lójú títì Èkó, lójú ọ̀sán, nínú ìlú tí ẹ̀ṣọ́ kún bámúbámú yẹn. Ààbò orí àlééfà pé pérépéré lọ́jọ́ náà. Ti aráàlú ni kò sí.

Èyí mú mi dórí ọ̀rọ̀ kejì. «Agbésùnmọ̀mí» ti fìdí múlẹ̀, n kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n sùnmọ̀mí láyé ogun túmọ̀ sí kí wọ́n já wọ abúlé lójijì, kí wọ́n kó ẹrù, kí wọ́n kó èèyàn lẹ́rú. Ohun tí wọ́n kó ni èrè wọn. Àwọn tó wọ gbọ̀ngàn ní Krasnogorsk kò kó nǹkan kan. Àwọn tó kù láàyè ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, àyà wọn ni wọ́n fẹ́ já. Nítorí náà, kí a fi agbésùnmọ̀mí sílẹ̀ fún ẹni tó ṣe é, kí a máa pe ìwà náà ní «ìpániláyà». Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìjọba náà lè pa ni láyà, ọ̀rọ̀ kan náà yóò sì mú un. Bọ́ǹbù inú lẹ́tà tó pa Dele Giwa ní Ìkejà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1986, ẹnikẹ́ni tí ì báà rán an, ìpániláyà ni fún gbogbo oníròyìn tó gbọ́.

Ohun kan tó ń bí mi nínú: kí a máa ka ìwé orúkọ tí apàṣẹwàá kọ bí ẹni pé ìdájọ́ ni. Kí a máa kọ ọ́ báyìí: «ẹgbẹ́ tí ìjọba Russia pè ní agbésùnmọ̀mí». Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló fi gùn sí i, òótọ́ sì ni.

Èsì láti Ìsàlẹ̀ Èkó:

Àbúrò, o ṣé gan-an. Mo gbà pé Inata àti Moscow kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀hónú.

Àkọ́kọ́, gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ ìṣe lórí rédíò. «Ìjọba ṣì ṣọ́ ọjà náà.» Ẹni tó wà nínú dáńfó ní Ọ̀jọ́ta yóò gbọ́ pé ìjọba ò tíì kúrò níbẹ̀, pé ó ń ṣọ́ ọ síbẹ̀. «Ṣì» ti àṣìṣe àti «ṣì» ti «ó ṣì wà», ohùn kan náà ni. O ti sọ òdìkejì ohun tí o fẹ́ sọ nìyẹn. Èmi ì bá kúkú mú «ìṣọ́-òdì».

Èkejì, ìwọ́ ń sọ ọ́ bí ẹni pé apàṣẹwàá nìkan ló ń ṣe é. Wọ́n kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje ní oṣù Keje ọdún 2022, ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 800 jáde. Ìkọlù Ọ̀wọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù tó ṣáájú, nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọba tí a dìbò yàn ló wà lórí àlééfà. Amẹ́ríkà ọdún 2001, tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kọlù, ńkọ́?

Ẹ̀kẹta, ìwọ kò fọwọ́ kan «àìfararọ», bẹ́ẹ̀ òun ló wà nínú ìbéèrè tí àwọn ọmọ Yábàá fi ránṣẹ́: kí ni a ó pe mímì tí ìjọba ń mì lẹ́yìn irú ìkọlù báyìí?

Ìdáhùn láti Súúlérè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ti «ṣì» yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. Kí a má lò ó ní ọ̀rọ̀ ìṣe rárá. Bí a ṣe ń sọ pé «ó ṣe àṣìṣe», kí a sọ pé «wọ́n ṣe àṣìṣọ́». Ìṣọ́-òdì gan-an ní ewu tirẹ̀: òdì àti odi. Ìṣọ́-odi ni kí èèyàn máa ṣọ́ odi ìlú, iṣẹ́ rere ni. Ìwé ìròyìn tí kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì pọ̀, yóò tẹ àwọn méjèèjì bákan náà. Nínú àṣìṣọ́, bí àmì ohùn bá tiẹ̀ bọ́, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí yóò gba ibẹ̀.

Ti ìjọba alágbádá: n kò sọ pé wọn kì í ṣe àṣìṣọ́. Ìyàtọ̀ ń bẹ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ìgbìmọ̀ náà tẹ ìwé jáde ní 2004 tó sọ ibi tí àwọn àjọ tí ń ṣọ́ ìlú ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ara wọn, ẹnikẹ́ni sì lè rà á. Ní Beslan, ní Russia, lọ́dún 2004 kan náà, àwọn agbésùnmọ̀mí gba ilé ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án. Àwọn aláṣẹ ní èèyàn 354 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n lé ní 1,100. Àwọn tó kú jẹ́ 334, ọmọdé ni 186 lára wọn. Kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù, tó wà lẹ́yìn odi Russia, ló padà dájọ́ ní 2017 pé àwọn aláṣẹ ti gbọ́ ṣáájú láìgbé ìgbésẹ̀ tó tó, àti pé wọ́n lo ìbọn ọkọ̀ tánkì àti ohun ìjà tí ń dáná nígbà tí àwọn ìgbèkùn ṣì wà nínú ilé. Ọdún 13 kó tó dé. Kuje àti Ọ̀wọ̀ yẹ kí a wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta tí mo kọ sókè; a kò lè fi irú ìjọba pinnu rẹ̀.

Ti àìfararọ, ibẹ̀ ni mo rò pé a ti ń ṣi ọ̀rọ̀ lò jù. «Ìlú ò fararọ»: ará ìlú ni. «Ìjọba ò fẹsẹ̀ rinlẹ̀»: àlééfà ni. Ìkan lè wà láìsí ìkejì. Lẹ́yìn Beslan, ìlú ò fararọ, ṣùgbọ́n Putin ò mì: lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án yẹn ló kéde pé ará ìlú ò ní máa dìbò yan gómìnà mọ́. Ó fi òkú àwọn ọmọdé gba agbára kún agbára. Ní Burkina Faso, ó yàtọ̀. Inata ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2022, àwọn sójà lé Ààrẹ Kaboré tí wọ́n dìbò yàn, ọ̀gá wọn, Damiba, gorí àlééfà, ó ní nítorí ààbò ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, àwọn agbésùnmọ̀mí kọlu àwọn ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ lọ sí Djibo ní Gaskindé, ó kéré tán sójà 27 kú. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, sójà mìíràn, Traoré, lé Damiba fúnra rẹ̀.

Ẹ wo àwọn tó kú. Ní Beslan àti Krasnogorsk, aráàlú ló pọ̀ jù. Ní Inata àti Gaskindé, àwọn tó gbé ìbọn ló pọ̀ jù. Òkú aráàlú nìkan kì í sábà mi apàṣẹwàá, torí kò sí ọ̀nà tí ẹkún wọn fi ń dé àlééfà: ìwé ìròyìn ò gbọdọ̀ kọ ọ́, ìdìbò ò lè lé e. Ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ bá rí i pé ọ̀gá òun ló fi òun sílẹ̀ kú ni ààbò orí àlééfà ń yẹ̀. Nítorí náà, àìfararọ fún ìlú, àìfẹsẹ̀rinlẹ̀ fún ìjọba, kí a má fi ọ̀kan dípò ìkejì.

Mo fi gbólóhùn mẹ́ta sílẹ̀ kí àwọn ọmọ Yábàá lè dán an wò lẹ́nu kí a tó kọ ọ́ sínú ìwé ọ̀rọ̀ wa:

«Ìwádìí fi hàn pé àṣìṣọ́ ni, kì í ṣe àìsí ẹ̀ṣọ́.»

«Ìpániláyà tó wáyé ní Bamako ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn jàndáámù tí wọ́n sì dé pápákọ̀ òfuurufú, kò bá ohun tí ìjọba ológun ń sọ nípa ààbò aráàlú mu.»

«Ìlú ò fararọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ṣì fẹsẹ̀ rinlẹ̀.»